Ọta Wo Ní Í Dá Ènìyàn Dúró? Ìtàn àti Ìdánwò nínú Yíyan Ọta Ìbọn Ìléwọ́

1. Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọta ìbọn. Èmi kì í ṣe ológun, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe ọdẹ. Bí a ṣe ń ka ìtàn ni mo ń kọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọ, fún ohun tí ó lé ní ọgọ́fà ọdún, lórí irú ọta tí ó yẹ kí ènìyàn fi sínú ìbọn ìléwọ́ láti fi gba ara rẹ̀ là, mo rí i pé ìtàn ni ó ń ṣíwájú, tí ìdánwò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn kò ju ọ̀kan lọ: bí ẹni tí ó fẹ́ pa ni bá ń sáré bọ̀, ọta wo ni yóò dá a dúró kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni? Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ìbọn ní apatí, ìbọn kò ní apatí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Òótọ́ ni, rírí ìbọn lásán ti tó láti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá. Ẹni tí kò sá ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí. Èrò tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹni tí ọta bá dá dúró kì í di ìtàn. Ẹni tí ọta wọ̀ lára tí kò ṣubú ni a ń ròyìn. Nípa bẹ́ẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo lè mú kí odindi orílẹ̀-èdè pààrọ̀ ọta rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ. N kò wá júwe ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rà. Bí ènìyàn ṣe ń ronú ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

2. Ọta Dum Dum àti Ìpàdé Hague

Orí ìbọn gígùn ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kan ìbọn ìléwọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1890, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí lo ọta tín-ínrín tí a fi irin líle bò. Ọta náà yára, ó sì ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gágun tí ń jà ní ààlà Íńdíà ráhùn pé ńṣe ni ó ń gba inú ènìyàn kọjá, tí ẹni náà sì tún ń bọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ ọta tí ó wà ní Dum Dum, lẹ́bàá Calcutta, wọ́n ṣe ọta mìíràn tí òjé inú rẹ̀ yọ síta lórí. Bí èyí bá wọ ara, a máa tẹ́ pẹrẹsẹ, a sì dá ọgbẹ́ ńlá síni lára.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, 1899, ní ìpàdé àlàáfíà tí a ṣe ní Hague, àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní lo irú ọta bẹ́ẹ̀ nínú ogun tí àwọn bá ń bá ara wọn jà. Aṣojú ológun Gẹ̀ẹ́sì, John Ardagh, kọ̀ jálẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí ọta kékeré bá ba ọmọ ogun ọ̀làjú, yóò mọ̀ pé òun ti gbọgbẹ́, yóò sì fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní ti aláìlàjú, bí ọta tilẹ̀ bà á, yóò máa bọ̀ ni. Ọdún 1907 ni Gẹ̀ẹ́sì tó gba àdéhùn náà. Amẹ́ríkà kò wọ inú rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ka àlàyé yìí gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ka ìtàn. Ta ni a ń pè ní aláìlàjú? Àwọn ará Áfíríkà àti Éṣíà tí wọ́n ń gba ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ wọn ni. Iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn jagunjagun tiwa náà ní ìtàn ayẹta, ìtàn ara tí ọta kò ràn. Ṣùgbọ́n oríyìn ni ìtàn tiwa jẹ́ fún ẹni tí kò ṣubú. Ní ẹnu Ardagh, àìṣubú di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tọ́ sí ọgbẹ́ tí ó burú jù. Nítorí pé láàárín àwọn tí ó fọwọ́ sí i nìkan ni àdéhùn Hague ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí ìtàn náà dá lé lórí gan-an kò rí ààbò kankan nínú rẹ̀.

3. Filipínì àti Ìdánwò Chicago

Ìtàn kan náà ni ó wọ inú ọ̀ràn ìbọn ìléwọ́. Ní 1892, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba ìbọn ìléwọ́ Colt kan tí ìbú ọta rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 9, ní ìrọ́pò èyí tí ọta rẹ̀ lé ní mìlímítà 11. Lẹ́yìn tí wọ́n gba Filipínì lọ́wọ́ Spéènì ní 1898, wọ́n bá àwọn Moro, Mùsùlùmí ìhà gúúsù ibẹ̀, jà. Ìròyìn sì tàn pé Moro a máa gba ọta mẹ́ta, mẹ́rin, kí ó tún fi idà ṣá ẹni tí ó yìnbọn lù ú. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí kó ìbọn ńlá àtijọ́ jáde.

Ní 1904, John Thompson, tí í ṣe ológun, àti Louis LaGarde, tí í ṣe oníṣègùn, fi oríṣiríṣi ọta dán òkú ènìyàn wò, wọ́n sì fi dán màlúù ààyè wò ní Chicago. Wọ́n parí rẹ̀ sí pé ọta ológun kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tí a ń pè ní .45, ìyẹn mìlímítà 11 ó lé díẹ̀. Lórí ìpinnu yìí ni a gbé ìbọn ọdún 1911 kà, èyí tí John Browning ṣe, tí ó sì wà lọ́wọ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà títí tí wọ́n fi yan ọta mìlímítà 9 mìíràn ní 1985.

Ohun méjì ni àwọn tí ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fò dá. Èkíní wà nínú ìwé àbọ̀ Thompson àti LaGarde fúnra rẹ̀: wọ́n kìlọ̀ pé ibi púpọ̀ wà lára ènìyàn tí ọta ìbọn ìléwọ́ lè bà tí kò ní dá a dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí náà kí a máa kọ́ ọmọ ogun láìsinmi kí ó lè mọ ibi tí ọta rẹ̀ ń lọ. Ìbú ọta ni ayé gbọ́. Wọn kò gbọ́ ti ẹ̀kọ́. Èkejì ni ti ẹlẹ́wọ̀n kan tí ó fẹ́ sá lọ ní erékùsù Samar ní oṣù Kẹwàá, 1905. Ọta kékeré mẹ́ta gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọ̀kan bà á lápá, kò ṣubú. Ìdí ìbọn ni wọ́n fi gbá a níwájú orí kí ó tó dákú. A máa ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn Moro, bí ẹni pé òun ni ó fa ìdánwò Chicago. Ṣùgbọ́n Samar kì í ṣe ilẹ̀ Moro, ọdún kan sì ti kọjá lórí ìdánwò náà kí ọ̀ràn yìí tó ṣẹlẹ̀. Bí ìtàn ti ń ṣe nìyẹn: a máa fa ohun tí ó jọ ọ́ mọ́ra, ì báà jẹ́ ti iwájú tàbí ti ẹ̀yìn.

4. Miami, 1986

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, 1986, àwọn òṣìṣẹ́ FBI mẹ́jọ kò àwọn adigunjalè méjì lójú ní ìlú Miami. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà, ọta mìlímítà 9 kan gba apá ọ̀kan nínú àwọn olè náà wọ àyà rẹ̀, ó sì dúró kí ó tó dé ọkàn. Ọgbẹ́ yẹn ì bá pa á bó pẹ́ bó yá, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jà fún ìṣẹ́jú mélòó kan sí i. Òṣìṣẹ́ méjì kú, márùn-ún fara gbọgbẹ́, kí a tó pa àwọn olè méjèèjì.

Ọta kan yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dá lẹ́bi. Pé ìbọn gígùn ni olè náà ń lò, tí ó pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà sì jẹ́ ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n mú lọ, kò gbilẹ̀ nínú ìròyìn tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ohun rere jáde nínú rẹ̀. Ní 1987, FBI pe àwọn onímọ̀ jọ sí Quantico. Ọ̀kan nínú wọn ni Martin Fackler, oníṣègùn ológun tí ó ń yìnbọn sínú jẹ́látínì, ohun rírọ̀ tí a ń sè láti ara awọ àti eegun ẹran, tí ọta sì ń rìn nínú rẹ̀ bí ó ti ń rìn nínú ẹran ara. Wọ́n pinnu pé ọta kò gbọdọ̀ wọlé kí ó má tó ínṣì 12. Àbọ̀ tí FBI gbé jáde ní 1989 sì là á mọ́lẹ̀ pé bí ọta kò bá ba ọpọlọ tàbí òkè ọ̀pá ẹ̀yìn, kò sí ọta ìbọn ìléwọ́ tí ó dájú pé yóò dá ènìyàn dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá pàápàá lè jà fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15.

Wọ́n tún gbìyànjú ọta tí ó tóbi jù, ti mìlímítà 10, ṣùgbọ́n títa rẹ̀ le lọ́wọ́. Èyí tí agbára rẹ̀ dín sí i, .40, jáde ní 1990, ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá sì gbà á. Ní 2014, Quantico tún sọ pé kí a padà sí mìlímítà 9: ọta ìgbà yìí tí wọ́n dá ihò sí lórí ń ṣe dáadáa bíi ti àwọn tí ó tóbi, ìbọn rẹ̀ kì í ta púpọ̀, ó ń gba ọta púpọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì ń fi í bá ibi tí wọ́n ń wò.

Ẹ kíyè sí i pé ọta olórí ihò yìí jẹ́ ẹbí ọta Dum Dum. Èyí tí àdéhùn Hague lé kúrò nínú ogun ni àwọn ọlọ́pàá ń lò láàárín ìlú, nítorí pé ọta tí ó bá tẹ́ nínú ara kì í sábà gba inú ẹni kan kọjá lọ bá ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

5. Ìgúnlẹ̀

Láti mìlímítà 9 lọ sí 11, láti ibẹ̀ dé 10, kí a tó tún padà sí 9: ìrìn ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún nìyí. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nínú ọta ti dára sí i, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn ibi tí ọta bà, ti wà nínú ìwé láti 1904.

N kò sọ pé irọ́ ni àwọn ìtàn wọ̀nyí. Ẹlẹ́wọ̀n Samar gba ọta, kò sì ṣubú. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì kú ní Miami, ó sì tọ́ kí a bèèrè ìdí rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a máa bèèrè àwọn tí kò sí nínú ìtàn: àwọn tí ọta kan náà dá dúró, àti ọta tí kò tilẹ̀ ba ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá bèèrè bẹ́ẹ̀, ẹnì kan tí kò ṣubú yóò di ẹgbẹ̀rún lójú wa, a ó sì máa wá ọta tí ó burú sí i fún gbogbo ẹni tí ó bá jọ ọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn baba wa nígbà tí ẹlòmíràn ń ròyìn wọn nìyẹn. Kò yẹ kí àwa náà máa ka ìtàn ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀.