Kátíríìjì Òfìfo Nínú Àpò Ọdẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìfọ́n, mo máa ń rí bàbá mi kékeré, ọdẹ ni wọ́n, tí wọ́n ń ṣa òfìfo kátíríìjì jọ sínú àpò. Wọn á tún un kì nílé pẹ̀lú òjé tí wọ́n yọ́ fúnra wọn. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ ò ṣe ra ọ̀tun?"

"Ọmọ mi, owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ̀yà tí n ó fi pa mì."

Lọ́jọ́ kan ọ̀kan bú mọ́ wọn lọ́wọ́, ìka méjì sì lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìtàn ọta yìí.

Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ ná. 12 túmọ̀ sí pé ọta òjé róbótó méjìlá tó ṣe wẹ́kú ẹnu ìbọn náà ni yóò wọn pọ́n-ùn kan. Ìdí nìyẹn tí 28 fi kéré sí 12. Ti 410 yàtọ̀: fífẹ̀ ẹnu ìbọn ni wọ́n fi ínṣì wọ̀n, 0.410.

Àbí ẹ rò pé àìmọ̀kan ló jẹ́ kí ṣakabùlà pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀? Rárá o! Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ra ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé. Ìdí ni wọ́n ti ń kì í. Ẹtù, òjé àti iná wà pọ̀ nínú ilé idẹ kan. Baba wa ti mọ̀ ọ́n lò.

Ṣùgbọ́n ní 1890, àwọn ìjọba Òyìnbó pàdé ní Brussels nítorí òwò ẹrú. Wọ́n fòfin de títa irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì jẹ́ kí ṣakabùlà, tí à ń ki láti ẹnu, máa wọlé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 náà ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ kúrò lára ìbọn oníkátíríìjì.

Bó ṣe di pé ọdẹ wa ń fojú wọn ẹtù nìyẹn. Ṣakabùlà lè gba ojú wíwọ̀n. Kátíríìjì kì í gbà á. Ohun tí bàbá mi kékeré kò mọ̀ nìyẹn, èmi tí mò ń rẹ́rìn-ín náà ò sì mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ti sùn báyìí. Ẹ̀yin ọdẹ tí irú òfìfo bẹ́ẹ̀ wà nínú àpò yín, ẹ dákun, ẹ dà á nù. Ẹran á tún wà nígbó lọ́la. Ìka kì í hù.