Ọjọ́ Tí A Wá Ohun Tó Ń Pa Ẹ́ńjìnnì Ìgégi ní Enugu Road

Aago 6:15 àárọ̀. Oòrùn ò tíì mú, ẹ̀gbọ́n mi ti wà lábẹ́ igi dóńgóyárò inú àgbàlá wa. Ẹ̀ka kan tó ki ju itan géńdé lọ ti là, ó sì ti fẹ̀yìn ti páánù ilé tí ìdílé méje ń gbé. Òpin oṣù Kárùn-ún ni. Ẹni tó bá ti gbé Kano mọ̀ pé ìjì ló ń ṣíwájú òjò níbí, kì í sì í kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Òní la máa gé e. Bí ìjì bá dé kó tó wálẹ̀, orí àwọn ọmọ ló máa wó lé."

Aago 6:40. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ́ńjìnnì ìgégi rẹ̀ jí, ó ké ramúramù. Àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ń já bọ́. Ní ìṣẹ́jú keje, ohùn rẹ̀ ṣàdédé lọ sókè, ó tín-ín-rín bí ohùn ẹni tí ọ̀fun ń gbẹ, ó sì kú. Ẹ̀gbọ́n mi fà á títí, kò dáhùn. A jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, ó fà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó jí. Kò pẹ́, ó tún kú.

Oṣù kẹta rèé tí àìsàn yìí ti ń ṣe é. Ó ti ra plọ́ọ̀gì tuntun, ó ti ra kabúrétọ̀ tuntun. Mẹkáníìkì tó bá sì gbé e lọ bá, ẹ́ńjìnnì á ti tutù kó tó débẹ̀, á jí lójú onítọ̀hún, wọn á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Owó tó ti bá a lọ dùn mí. Ìdí tí mo fi ń kọ wákàtí ọjọ́ náà sílẹ̀ nìyẹn.

Aago 8:10. A gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lójú títì wa. Ọ̀fà ni baba rẹ̀ ti wá. Ọkọ̀ ojú irin dé Kano ní 1911, òun náà ló sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa wá sí Sabon Gari, tí àwa àti àwọn Ìgbò fi ń gbé títì sí títì títí dòní. A kí bàbá. Kò tiẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì náà, ẹ̀gbọ́n mi ló wò.

"Ó ń kú báwo? Ṣé pì ló ń kú bí ìgbà tí NEPA mú iná, àbí ó ń jà kó tó kú?"

"Bàbá, ó ń ṣe méjèèjì. Ọjọ́ mìíràn á jà, ọjọ́ mìíràn á kú pì."

"Ó lè jẹ́ pé nǹkan méjì ló ń ṣe é nìyẹn."

Aago 8:40. Ó kọ́kọ́ tú ṣéènì àti irin gígùn tó ń gbé e kúrò, kó má baà gé ẹnikẹ́ni. Ó da epo sínú ìgò funfun, ó gbé e sójú oòrùn. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa sùn sí. Kò sí. Ẹ̀rù epo ò tíì kúrò lára àwọn oníṣẹ́ yìí láti oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo, kéde pé mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú apá kan pẹtiróòlù tí wọ́n kó wọ̀lú. Mẹ́tánọ́ọ̀lù a máa fa omi, a sì máa ba rọ́bà inú kabúrétọ̀ jẹ́. Bàbá béèrè bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń po ọ́ìlì. Mílílítà 100 sí pẹtiróòlù lítà 5 ni. Bàbá ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Aago 9:30. Ó fọ fílítà, ó ha èédú inú sàláńsà kúrò.

Aago 10:20. Ó fà á, ó jẹ́ kó máa pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí ọmọrí táǹkì. Ní ìṣẹ́jú keje, ohùn tín-ín-rín yẹn dé, ẹ́ńjìnnì kú. Lójú ẹsẹ̀, bàbá tú ọmọrí díẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ọ: *fííì*. Atẹ́gùn ló ń wọlé. Ó dé e padà, ó fà á, ẹ́ńjìnnì jí láìtutù rárá.

Bí ọmọdé bá ń fa omi inú ike tí kò jẹ́ kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́, ike á sún kì, omi ò ní jáde mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni táǹkì. Bí epo ṣe ń jáde, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kabúrétọ̀ á fà á tì. Ihò tó fi ń mí wà nínú ọmọrí ẹ́ńjìnnì tiwa yìí, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Eruku ọyẹ́ Kano ti bá ọ́ìlì pò níbẹ̀, ó ti di amọ̀ dúdú. Bàbá rẹ ẹ́ sínú pẹtiróòlù, ó fẹ́ ẹ títí ìmọ́lẹ̀ fi là á já.

Aago 11:15. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń palẹ̀ mọ́. Bàbá kọ̀. "Ṣé ó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú lójú yín ni?" Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an fún ọ̀rọ̀ yẹn, torí a ti ṣe tán láti sanwó ká máa lọ.

Aago 12:05. Oòrùn ti dúró sáńsán. Ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó sì kú pì, kò jà rárá. Bàbá tú ọmọrí: kẹ́kẹ́ pa. Ó dé e le, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé gbogbo epo jìnnà. Ó tú plọ́ọ̀gì, ó so ó mọ́ wáyà rẹ̀, ó fi ara plọ́ọ̀gì kan irin ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ fìlà rẹ̀ fi ṣíji bò ó kí oòrùn má baà gba ojú wa. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fà á. Òkùnkùn. Ó tún fà á. Òkùnkùn.

"Ẹ fi sílẹ̀ kó tutù," bàbá wí.

Aago 1:40. Ọmọ iṣẹ́ ti kírun dé. Wọ́n tún fà á lábẹ́ fìlà kan náà: iná aláwọ̀ ojú ọ̀run ṣẹ́ yẹ̀rì. Kọ́ìlì ni. Wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun ni wọ́n wé sínú rẹ̀. Ó ti já níbì kan. Bó bá gbóná, ojú ibi tó já á ṣí, bó bá tutù, á tún kanra. Ìdí rèé tí gbogbo mẹkáníìkì ìṣáájú fi bá a láàyè.

Aago 3:10. Ọmọ iṣẹ́ rí kọ́ìlì tòkunbọ̀ mú bọ̀ láti ọjà Sabon Gari. Bàbá mú káàdì kan tí oníṣòwò fi ń pín nọ́ńbà fóònù, ó kì í sáàárín kọ́ìlì àti mágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí, ó jẹ́ kí mágínẹ́ẹ̀tì fa kọ́ìlì mọ́ra, ó dè é, ó yọ káàdì náà. Àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò ju bí káàdì yẹn ṣe nípọn lọ.

Aago 3:35. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n gbáko ló fi ṣiṣẹ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló pa á.

Aago 5:20. Wọ́n fi okùn so ẹ̀ka náà, wọ́n lé àwọn ọmọ jáde, wọ́n gé e wálẹ̀ ní ègé mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì ò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Aago 9:50 alẹ́. Ìjì dé, páánù ò mì.

Kabúrétọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti yọ dànù lára ẹ́ńjìnnì náà ṣì wà nínú àpò ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é.