A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá: Ẹ̀tọ́ Asanwó-orí Níwájú Agbowó-orí

Àwọn àgbà ní, "A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni." Ààfin àti ilé olórí ẹbí ni òwe yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ẹni méjì bá ń jà sí ààlà oko kòkó ní Ìsẹ̀, tí ọ̀kan sáré dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ní ìdájí, tó sunkún, tó búra, olórí ẹbí tó gbọ́n á gbọ́ ọ tán, á ní kó jókòó, á sì ránṣẹ́ pe ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí òwe náà ń bá wí. Kò bá olùpẹ̀jọ́ wí, nítorí ó ṣeé ṣe kí olùpẹ̀jọ́ jàre. Ẹni tó jókòó sórí àga ìdájọ́ ló ń bá wí. Bí ìdájọ́ onítọ̀hún bá tilẹ̀ bọ́ sójú òtítọ́, òwe ṣì pè é ní àgbà òṣìkà, torí kò mọ̀ pé òtítọ́ ni kó tó dá a.

Ọ̀rọ̀ owó orí wá le ju ọ̀rọ̀ ààlà lọ, nítorí pé níbẹ̀, olùpẹ̀jọ́ àti onídàájọ́ jẹ́ ẹnì kan náà. Iléeṣẹ́ tó ní o jẹ gbèsè ló ń ṣírò gbèsè náà, òun ló ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, òun náà ló sì ń gbà á. Bí asanwó-orí kò bá rí ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan ni wọ́n dá. Ìdí nìyí tí òfin fi fún un láyè àtisọ tẹnu rẹ̀, ìyẹn gan-an ni mo sì fẹ́ là yé àwọn ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti gbogbo gúúsù Èkìtì. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń san ohun tí kò tọ́ sí wọn láti san, tí àwọn mìíràn sì ń sá fún èyí tó tọ́.

Ilẹ̀ Èkìtì ti jìyà ẹjọ́ ẹnìkan rí. Nígbà tí Ìbàdàn ń ṣàkóso ilẹ̀ yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú Ìbàdàn, ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń kó oúnjẹ, wọ́n ń kó ẹran, onílé kò sì rí ibi gbé ẹjọ́ wọn lọ. Ní 1878, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì sì gbaná. Ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó dé. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Lára abala kan, ọba jókòó. Lára abala kejì, òyìnbó aláṣẹ tó ń jẹ́ Captain Ambrose ń bọ̀ wá kí ọba, àwọn ènìyàn sì gbé e lé orí. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley lọ́dún 1924, inú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà dòní. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo àwòrán rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ru ẹrù ni ojú mi ń lọ. Ọba ní àyè láti sọ̀rọ̀, òyìnbó ní, ṣùgbọ́n ta ló bi alárù bóyá ẹrù wúwo?

Àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn fi ìjà dáhùn ìbéèrè yẹn ní 1968 àti 1969, nínú rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà. Wọ́n ní owó orí wọ àwọn lọ́rùn nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan, àti pé àwọn agbowó-orí ń fìyà jẹ àwọn. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, kí ìjọba tó gbà láti dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì lọ́dún. Ohun tí ìbá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ìbọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí a tún gba ọ̀nà yẹn mọ́, a kò sì nílò rẹ̀, torí ọ̀nà mìíràn ti wà nínú òfin.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 24. Ó sọ ọ́ di ojúṣe ọmọ Nàìjíríà láti sọ iye tó ń wọlé fún un láìṣẹ̀tàn, kó sì tètè san owó orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olóṣèlú mọ apá yẹn sórí. Àmọ́ abala náà sọ ẹni tí a ó bá sọ ọ́: iléeṣẹ́ tó yẹ, tó sì bófin mu. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Èmùré, ẹ ní ẹ̀tọ́, láìbínú, láti béèrè ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, iléeṣẹ́ tó rán an, orúkọ owó tó ń gbà àti òfin tó gbé e kalẹ̀. Owó orí lórí èrè olókòwò àti owó oṣù, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni, ọwọ́ Ekiti State Internal Revenue Service ní Adó ló wà. Owó orí iléeṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì àti VAT (owó orí lórí ọjà), ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gba owó ọjà, ti ibùdó ọkọ̀, ti ilé ìpẹran, ti ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀, àti owó ilé.

Ẹni tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìsẹ̀ gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ mọ ìyà mìíràn: igi tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà, àti tíkẹ́ẹ̀tì lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1998 lórí owó orí àti àwọn owó ìjọba kéékèèké kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan iléeṣẹ́ owó orí fúnra rẹ̀, láti dí ọ̀nà nítorí àtigba owó orí. Ó fi owó ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì, lé ẹni tó bá rú u lórí. Ó tún ní ohun tí òfin owó orí bá là kalẹ̀ nìkan ni kí wọ́n lo ọlọ́pàá fún.

Ibi tí òwe wa ti bá òfin mu jù lọ ni ìwé tó ń sọ iye owó orí ẹni. Èrè ni owó orí ara ẹni wà fún. Òṣìṣẹ́ lè wo ṣọ́ọ̀bù tó kún fún aṣọ ní Ọjà Ọba n'Ìkẹ́rẹ́ kó sì kọ iye gọbọi, kó má mọ̀ pé àwìn ni ìyá aláṣọ kó ìdajì rẹ̀, pé owó ọkọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù ti jẹ lára ìyókù. Ojú ló fi wò ó. Kò gbọ́ ẹjọ́. Ẹ̀tọ́ tí ìyá náà ní ni láti kọ̀wé ta kò ó láàárín ọjọ́ 30 tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀. Kó kọ iye tí wọ́n ní kó san, kó kọ iye tí òun gbà pé ó tọ́ àti ìdí, kó so ẹ̀dà ìwé ọjà àti rìsíìtì mọ́ ọn, kó sì gba òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ náà sórí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ òun. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-è-jẹ. Bí ọjọ́ 30 bá kọjá láìsọ̀rọ̀, iye yẹn lè di àṣẹ, bó ti wù kó jìnnà sí òtítọ́ tó. Bákan náà ni fún ẹni tí kì í fi àkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé fún un ránṣẹ́ lọ́dọọdún: òfin gba iléeṣẹ́ láyè láti fojú dá a fún un, torí òun ló kọ́kọ́ dákẹ́.

Ìṣirò ti tún yí padà láti oṣù kìíní 2026, nípasẹ̀ àwọn òfin owó orí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025. Nínú owó tó yẹ kí wọ́n bu owó orí lé, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. Mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀. Bí èrè ìyá aláṣọ yẹn bá jẹ́ ₦1,200,000 lẹ́yìn gbogbo àyọkúrò, lórí ₦400,000 nìkan ni yóò san, ìyẹn ₦60,000. Ẹni tí èrè rẹ̀ lọ́dún kò tó ₦800,000, kò jẹ ìjọba ní owó orí lórí èrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì lè jẹ owó ìsọ̀.

Bí iléeṣẹ́ bá kọ̀ láti tún iye náà ṣe, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ owó orí wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Tax Appeal Tribunal. Ìbàdàn ni ti ẹkùn Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn fìdí kalẹ̀ sí, èyí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Owó ọkọ̀ àti owó lọ́yà láti Èmùré dé Ìbàdàn lè ju owó tí wọ́n ń jà lé lórí lọ. Òfin 2025 dá ọ́fíìsì Tax Ombud sílẹ̀ láti máa gbọ́ ẹ̀sùn àwọn asanwó-orí. Ìgbésẹ̀ rere ni, bí ó bá lè dé ọ̀dọ̀ wa.

Ohun méjì ni mo ń béèrè. Ìkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ́ kí ìwé owó orí tó ń lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà àti àgbẹ̀ wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí ọjọ́ 30 náà sì wà níbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ọjọ́ náà ń kà, yálà ẹni tó gba ìwé lè kà á tàbí kò lè kà á. Ìkejì, kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀/Ọ̀run àti Èmùré lẹ pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ gbogbo owó tó bófin mu, iye rẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń gbà á àti àkáǹtì tí yóò wọ̀ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a lè pè bí agbowó bá béèrè ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ.