Èdè, làákàyè àti ààlà ènìyàn sí ẹranko

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí bóyá èdè àti làákàyè ni ó ya ènìyàn sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí. Aristotle, ará Gíríìkì àtijọ́, ní ẹranko lè ké ìrora tàbí ayọ̀ jáde, àmọ́ ènìyàn nìkan ló ní ọ̀rọ̀ tí ó fi ń sọ èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Ti René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: lọ́dún 1637, ó kọ ọ́ pé bí ẹ̀rọ ni ẹranko rí, pé odídẹrẹ́ tó ń pe ọ̀rọ̀ bí ènìyàn kò mọ ohun tó ń wí. Charles Darwin kò gbà. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1871, ó ní irú ọgbọ́n kan náà ni, tiwa kàn pọ̀ ju tiwọn lọ ni.

Ní ti làákàyè, Darwin ló ń jàre. Lọ́dún 1960, Jane Goodall rí ìnàkí kan nígbó Gombe, ní Tàǹsáníà, tó já ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, tó re ewé ara rẹ̀ dànù, tó tì í bọ inú òkìtì ikán, tó sì fà á yọ tikán-tikán, tó ń lá wọn jẹ. Títí di ìgbà náà, ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé ènìyàn nìkan ló ń ṣe irinṣẹ́. Àwọn ìnàkí Bossou, ní Gínì, tilẹ̀ ń pa èkùrọ́: wọ́n á gbé e lé orí òkúta kan, wọ́n á fi òmíràn là á, gẹ́lẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é lẹ́yìnkùlé.

Ibi èdè gan-an lọ̀rọ̀ ti díjú. Ní Amboseli, ní Kẹ́ńyà, Robert Seyfarth, Dorothy Cheney àti Peter Marler fi hàn lọ́dún 1980 pé àwọn ọ̀bọ kan ní igbe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀tá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí tó dúró fún àmọ̀tẹ́kùn, wọ́n á sá gun igi; fún idì, wọ́n á gbójú sókè; fún ejò, wọ́n á nàró, wọ́n á máa wo inú koríko. Igbe tí àwọn olùwádìí ti gbà sílẹ̀ ni wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbé jáde fún wọn, kò sí ọ̀tá kankan nítòsí. Àwọn ọmọ ọ̀bọ a máa ṣì í ké: ewé lásán tó ń já bọ́ lè mú wọn ké igbe idì.

Odídẹrẹ́ tí Descartes fojú tín-ín-rín náà ti gbẹ̀san. Irene Pepperberg ra Alex, odídẹrẹ́ onírù pupa bíi ti ilẹ̀ wa, lọ́dún 1977 ní Chicago, ó sì ń kọ́ ọ títí ó fi kú lọ́dún 2007. Bí wọ́n bá gbé ohun méjì síwájú rẹ̀, tí wọ́n bi í pé kí ló yàtọ̀, á ní àwọ̀ ni, tàbí ìrísí. Bí nǹkan kan kò bá yàtọ̀, á ní kò sí. Bí ìdánwò bá sú u, á ní òun fẹ́ padà.

Lójú tèmi, ibi tí ààlà náà ṣì dúró sí ni títo ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ di àlàyé. Nim, ìnàkí tí Herbert Terrace kọ́ ní èdè àwọn adití ní New York, mọ àmì tó lé ní 100. Nígbà tí Terrace tún fídíò wò, ó rí i pé àmì tí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ni Nim sábà ń sín jẹ, ó sì kéde èyí lọ́dún 1979. Gbólóhùn rẹ̀ tó gùn jù ní àmì 16. Ọsàn, jíjẹ àti ẹ fún mi ló kàn ń yí po nínú rẹ̀. Ti àwọn ọmọ adití ní Nikarágúà kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1977 tí wọ́n ti ń kó wọn jọ sílé ẹ̀kọ́ ní Managua, bí wọ́n ṣe máa wo ètè ẹni tó ń sọ èdè Sípéènì ni àwọn olùkọ́ ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà fọwọ́ ara wọn dá èdè tiwọn sílẹ̀ níbi eré àti nínú bọ́ọ̀sì, àwọn àbúrò tó dé lẹ́yìn sì fi gírámà kún un kọjá ohun tí wọ́n bá níbẹ̀.