Epictetus: Ẹrú tó di olùkọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìsì àtijọ́, Socrates, Plato àti Aristotle la máa ń gbọ́ jù. Ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lónìí ni Epictetus, torí pé ẹrú ni.

Nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Kristi ni wọ́n bí i ní Hierapolis, ní ilẹ̀ tó ti di Tọ́kì báyìí. "Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ní" ni orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí. Ọ̀gá rẹ̀ ní Róòmù, Epaphroditus, ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Nero olú ọba. Epictetus tún ń tiro. Síbẹ̀, inú ẹrú náà ló wà tó fi ń gbẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Musonius Rufus. Ó gba òmìnira, ó ń kọ́ni, kí Domitian olú ọba tó lé àwọn onímọ̀ ọgbọ́n kúrò nílùú. Nicopolis ní Gíríìsì ló forí lé, ibẹ̀ ló dá ilé ẹ̀kọ́ sí. Kò kọ ìwé kankan. Arrian, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀.

Kí ló ń kọ́ wọn? Ó ní ọ̀nà méjì ni nǹkan pín sí. Èyí tó wà níkàáwọ́ wa: èrò wa, ohun tá a yàn, ohun tá à ń fẹ́ àti èyí tá à ń sá fún. Èyí tí kò sí níkàáwọ́ wa: ara, dúkìá, ipò, orúkọ tí aráyé ń pè wá. Ẹni tó bá gbé ayọ̀ rẹ̀ ka orí ìkejì ti sọ ara ẹ̀ dẹrú.

Ó fi ilé ìwẹ̀ gbogboogbò ṣàpẹẹrẹ. Kó o tó lọ, rántí pé wọ́n á ta omi sí ẹ lára, wọ́n á bú ẹ, wọ́n lè jí nǹkan ẹ. Ìwẹ̀ nìkan kọ́ lo bá lọ, o tún fẹ́ pa ìwà rẹ mọ́ níbẹ̀.

Ẹ má ṣì í gbọ́ o. Kò ní ká káwọ́ gbera. Kí bàbá ṣe ojúṣe bàbá, kọ́mọ ṣe tọmọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé aninilára lè fi ẹ̀kọ́ yìí pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ́ ló sọ ọ́ fẹ́rú, ẹnu ẹni tó jẹ ìyà náà ló ti jáde.

Marcus Aurelius, olú ọba Róòmù, kà á. Ní 1965, James Stockdale, awakọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà, bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ní Vietnam. Ó lé lọ́dún méje tó fi wà látìmọ́lé, wọ́n dá a lóró, ó sì ní ẹ̀kọ́ Epictetus wà lára ohun tó gbé òun ró.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwé tí Arrian fà yọ, Enchiridion, ni kó wá. Kò gùn rárá.