Ìwo Tó Wà Nínú Júbílì

Bí ìjọ kan bá pé 50 ọdún nílẹ̀ wa, júbílì la ó gbọ́, aṣọ ẹbí aláwọ̀ wúrà la ó sì rí rẹpẹtẹ. Ẹni tó bá tú ọ̀rọ̀ náà wò kò ní bá wúrà kankan níbẹ̀. Àgbò ni yóò bá.

Yovel ni àwọn Hébérù ń pe júbílì. Ó wà nínú ìwé Jóṣúà, níbi tí wọ́n ti dárúkọ ìpè méje tí àwọn àlùfáà gbé yí Jẹ́ríkò ká. Nígbà tí àwọn amòye Júù ń wádìí ìtumọ̀ rẹ̀, Rábì Akiva ní òun dé ilẹ̀ Arébíà, òun gbọ́ tí wọ́n ń pe àgbò ní yovla. Orúkọ ẹran ràn mọ́ ìwo rẹ̀, ti ìwo sì ràn mọ́ ọdún tí wọ́n ń fi í kéde: ọdún àádọ́ta inú Léfítíkù, tí ẹrú ń gba òmìnira, tí ilẹ̀ tí wọ́n ti tà ń padà sọ́wọ́ ìdílé tó ni ín. Lẹ́nu àwọn ará Látìn ló ti di iubilaeus, tó wá fẹ́ jọ iubilare, ìyẹn kí èèyàn hó fún ayọ̀. Mo fura pé ibẹ̀ ni àríyá ti bá a wọlé.

Shofar ni wọ́n ń pe ìwo yìí nínú sínágọ́gù, tí wọ́n ń fọn ún ní Rosh Hashanah, ọdún tuntun wọn. Mishnah, àkójọ òfin tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, kọ ìwo màlúù. Kí ni màlúù ṣe? Talmud, ìwé àlàyé lórí Mishnah, rán wa létí ère ọmọ màlúù oníwúrà ìdí òkè Sínáì: a kì í fi ẹlẹ́rìí tó ń ta koni ṣe alágbàwí. Ìdí kan náà ni olórí àlùfáà ayé àtijọ́ fi ń bọ́ ẹ̀wù oníwúrà, tó ń wọ aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun, kó tó wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ ní Ọjọ́ Ètùtù. Àní bí wọ́n bá fi wúrà bo ibi tí ètè ń kàn lára shofar, kò ṣeé lò mọ́. Àgbò ní tirẹ̀ ní ẹ̀rí rere: òun ló fi ìwo há sínú igbó, tó kú dípò Ísáákì.

Ó ku ìrísí. Rábì Judah ní ìwo àgbò, tó tẹ̀, ló yẹ Rosh Hashanah, torí bí ọkàn bá ṣe tẹrí ba tó lọ́jọ́ náà ló ṣe dára tó. Ọdún òmìnira ńkọ́? Ìyẹn fẹ́ ìwo tó nà tààrà. Nítorí náà, lọ́dún tó ń jẹ́ orúkọ àgbò gan-an, ìwo ewúrẹ́ orí àpáta ni Rábì Judah ní kí wọ́n fọn.