Ìlú tí Omi Bò: Ìtàn Bùsà Àtijọ́

Ẹni tí ó bá dúró ní etí adágún omi Kainji lónìí yóò rí ọkọ̀, àwọ̀n àti àwọn abúlé apẹja. Kò ní tètè mọ̀ pé ìlú ọba ni ó wà lábẹ́ omi náà. Bùsà, ọ̀kan nínú àwọn ìlú àgbà ilẹ̀ Borgu, wà létí Odò Ọya títí di ọdún 1968, nígbà tí a dí odò náà ní Kainji láti fi rí iná mànàmáná. Omi kún, ó sì tàn kálẹ̀ ju 100 kìlómítà lọ ní gígùn. Àwọn tí ó lé ní 40,000 ni a ṣí kúrò nílé. Ní Bùsà Tuntun ni a kó àwọn ará Bùsà lọ.

Ẹ lè bèèrè pé kí ni ó kan Ẹ̀ka Yorùbá níbẹ̀. Ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Ìbàrìbá nìyẹn. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́, nígbà tí ogun Tápà lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, Gbéré nílẹ̀ Ìbàrìbá ni ó sá lọ. (Kí a má sì rò pé èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀: èdè Bùsà yàtọ̀ pátápátá sí ti Nikki, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé ọba méjèèjì ń tọ́ka sí Kísírà.)

Ní odò Bùsà ni Mungo Park kú sí ní 1806. Nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ dé ibẹ̀ ní 1830, wọ́n ń wá àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò rẹ̀. Ọkùnrin kan gbé ìwé kan jáde tí a fi aṣọ wé. Àyà wọn ń já bí ó ti ń tú u. Àṣé ìwé ìṣirò àwọn atukọ̀ ni, pẹ̀lú ìwé ìkésíni sí oúnjẹ kan láàrin rẹ̀! Ó dun àwọn òyìnbó náà. Ní tèmi, ohun tí ó jọ mí lójú ni pé ìwé tí kò sí ẹni tí ó lè kà á ní ìlú náà ni a tọ́jú fún ọdún 24. Àwa tí a mọ̀wé kà, kí ni a tọ́jú nínú ìlú tiwọn?

Àwọn awalẹ̀pìtàn sáré gbẹ́ ibì kan díẹ̀ kí omi tó dé. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọkọ́ wa orúkọ jáde nínú ilẹ̀. Àwọn Gungawa, ará erékùṣù, ń gbin àlùbọ́sà sí ilẹ̀ ọlọ́ràá tí odò ń fi sílẹ̀ bí ó bá ti fà. Erékùṣù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó sì ní ìdílé tí ó ni ín. Nígbà tí omi bò wọ́n, ẹnu àgbà nìkan ni orúkọ wọ̀nyẹn kù sí.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà náà ti lé ní 70 báyìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ilé yín kò jìnnà sí Borgu, bí ẹ bá lọ fún ìsinmi, ẹ mú ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání. Ẹ gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní èdè ẹni tí ń sọ ọ́ kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ bèèrè nípa ọba àti ogun. Ẹ bèèrè ẹni tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, àti orúkọ erékùṣù tí wọ́n ń wò lókèèrè láti ẹnu ọ̀nà.